Ìperí Yorùbá fún Lílo Atọ́ka-Orúkọ láti Fi Ètò-Adarí Sórí Kọ̀ǹpútà: Àpẹẹrẹ láti Inú Agbo Ilé Ìbàdàn

1. Ìfáàrà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Òwe yìí bá iṣẹ́ ìṣẹ̀dá ìperí mu gan-an. Ẹni tí yóò fún ohun àjèjì ní orúkọ ní èdè Yorùbá ní láti wo ilé méjì. Èkíní ni ilé tí ohun náà ti ṣẹ̀ wá, kí ó lè mọ iṣẹ́ tí ó ń ṣe níbẹ̀. Èkejì ni ilé tí ó ń bọ̀ wá gbé, kí ó lè mọ irú orúkọ tí ará ilé náà yóò gbọ́ tí yóò sì yé e.

Iṣẹ́ kékeré kọ́ ni àwọn onímọ̀ ti ṣe lọ́nà yìí. Láti ọdún 1970, ètò ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọlọ́dún mẹ́fà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá ṣe agbátẹrù rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ti fi hàn pé ọmọ lè kọ́ sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò ní èdè Yorùbá. Ní ọdún 1984 ni ìwé kìn-ín-ní Èdè-Ìperí Yorùbá jáde lábẹ́ àbójútó Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé. Ní ọdún 1990 ni ìwé kejì tẹ̀ lé e lábẹ́ àbójútó Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọládélé Awóbùlúyì. Èdè, lítíréṣọ̀ àti ọ̀nà ìkọ́ni ni àwọn ìwé wọ̀nyẹn dojú kọ. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà dúró de ẹlòmíràn.

Apá kan péré nínú iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni àpilẹ̀kọ yìí yẹ̀ wò: bí ilé-iṣẹ́ tàbí ilé-ẹ̀kọ́ ṣe lè fi àkọsílẹ̀ orúkọ ẹ̀rọ darí fífi ètò-adarí sórí ọ̀pọ̀lọpọ̀ kọ̀ǹpútà, láìjẹ́ pé ènìyàn jókòó ti ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ìdí méjì ni ó mú kí apá yìí yẹ fún àyẹ̀wò. Èkíní ni pé orúkọ ni gbogbo iṣẹ́ náà dá lé, Yorùbá sì jẹ́ ẹ̀yà tí ó ti ronú jinlẹ̀ lórí orúkọ. Èkejì ni pé àṣìpè lè ba ohun ìní jẹ́ níbí. Gbólóhùn kan tí kò yéni tó lè pa iṣẹ́ ọdún púpọ̀ rẹ́ ní ìṣẹ́jú àáyá.

2. Ohun tí ó fa iṣẹ́ náà

Kọ̀ǹpútà tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti inú páálí jáde, tí kò sí nǹkan kan lórí dísìkì rẹ̀, dà bí ilé tí kò ní olórí. Gbogbo ẹ̀yà ara rẹ̀ ló pé, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí yóò pín iṣẹ́ fún wọn. Ètò tí ó ń pín iṣẹ́ náà, tí ó ń sọ ìgbà tí bọ́tìnnì yóò dáhùn, tí ó ń sọ ibi tí wọn yóò tọ́jú fáìlì sí, ni àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní operating system. Windows àti onírúurú ẹ̀yà Linux jẹ́ àpẹẹrẹ rẹ̀. Ètò-adarí ni àpilẹ̀kọ yìí pè é.

Ẹni tí ó bá ní kọ̀ǹpútà kan lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é. Yóò ki àwo tàbí fíláàṣì bọ̀ ọ́, yóò sì máa dáhùn ìbéèrè tí ẹ̀rọ ń bi í: èdè wo ni ó fẹ́, ibo ni ó ń gbé, kí ni orúkọ ẹ̀rọ, ṣé kí ẹ̀rọ pa ohun tí ó wà lórí dísìkì rẹ́. Ìṣòro dé nígbà tí ẹ̀rọ bá pọ̀. Àpẹẹrẹ tí ó sún mọ́ni jù ni ti ibùdó ìdánwò àṣewọlé sí yunifásítì. Ní ọdún 2013 ni àjọ JAMB bẹ̀rẹ̀ ìdánwò orí kọ̀ǹpútà. Láti ọdún 2015 ni ìdánwò náà ti fi bébà sílẹ̀ pátápátá. Ibùdó tí yóò gba àwọn olùdánwò ní láti ní kọ̀ǹpútà 250, ó kéré tán. Bí fífi ọwọ́ ṣe ọ̀kọ̀ọ̀kan bá gba ogójì ìṣẹ́jú, àpapọ̀ rẹ̀ yóò jẹ́ 10,000 ìṣẹ́jú, èyí tí í ṣe wákàtí 166 àti ogójì ìṣẹ́jú. Òṣìṣẹ́ kan tí ó ń ṣe iṣẹ́ wákàtí mẹ́jọ lójúmọ́ yóò lo ọjọ́ mọ́kànlélógún lórí rẹ̀. Pẹ̀lú gbogbo èyí, ẹ̀rọ náà kò ní bára mu, nítorí ẹni tí ó bá dáhùn ìbéèrè kan náà nígbà 250 yóò ṣì í dáhùn níbì kan.

Ìdí nìyí tí wọ́n fi wá ọ̀nà mìíràn. Wọ́n kọ ìdáhùn sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n kọ orúkọ gbogbo ẹ̀rọ sí ojú kan, wọ́n sì jẹ́ kí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan wá béèrè ohun tí ó jẹ́ tirẹ̀.

3. Bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ

Ìpele márùn-ún ni iṣẹ́ náà ní.

Ìpele kìn-ín-ní: alábòójútó kọ orúkọ ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan sínú ohun tí a ń pè ní atọ́ka-orúkọ. Ó kọ nọ́ńbà tí wọ́n bí mọ́ ẹ̀rọ náà, yàrá tí ó wà, ẹgbẹ́ tí ó wà, àti ètò-adarí tí ó yẹ fún un.

Ìpele kejì: wọ́n tan ẹ̀rọ. Nítorí pé dísìkì rẹ̀ ṣófo, káàdì ìsokọ́ra rẹ̀ ké sí gbogbo ẹni tí ó wà lórí ìsokọ́ra pé: “Èmi rèé, nọ́ńbà mi rèé, ta ni ó mọ̀ mí?” Ìlànà BOOTP, tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 1985, ni ó la ọ̀nà ìbéèrè yìí. DHCP ni ó gba iṣẹ́ rẹ̀ ṣe ní ọdún 1993, wọ́n sì tún un kọ ní ọdún 1997. Ní ọdún 1999 ni ilé-iṣẹ́ Intel gbé ìlànà PXE 2.1 jáde, èyí tí ó mú kí káàdì ìsokọ́ra onírúurú ilé-iṣẹ́ máa béèrè ní ọ̀nà kan náà.

Ìpele kẹta: ẹ̀rọ-olùpèsè wo inú atọ́ka-orúkọ. Bí ó bá rí nọ́ńbà náà níbẹ̀, yóò fún ẹ̀rọ tuntun ní àdírẹ́ẹ̀sì, yóò sì sọ orúkọ fáìlì tí yóò fi jí fún un. Nípasẹ̀ ìlànà kékeré kan tí ń jẹ́ TFTP ni ẹ̀rọ náà yóò fi fa fáìlì ọ̀hún wá.

Ìpele kẹrin: ètò afisórí, èyí tí fáìlì náà mú wá, béèrè fún ìwé tí ó ní ìdáhùn gbogbo ìbéèrè nínú. Kickstart ni àwọn tí ó ń lo Red Hat ń pe irú ìwé yìí. Preseed ni ti Debian. Atọ́ka-orúkọ ni ó ń sọ ìwé tí ó tọ́ sí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan. Ní ibòmíràn, ètò kékeré kan ń ka àkọsílẹ̀ ẹ̀rọ náà, yóò sì kọ ìwé tuntun fún un lójú ẹsẹ̀.

Ìpele karùn-ún: wọ́n pa dísìkì rẹ́, wọ́n pín in, wọ́n fi ètò-adarí sórí rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n yí ipò ẹ̀rọ náà padà nínú atọ́ka-orúkọ, láti “kò tí ì ṣe” sí “ó ti ṣe”. Ìpele yìí ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń fojú tẹ́ńbẹ́lú. Bí ẹ̀rọ bá ń kọ́kọ́ wo ìsokọ́ra kí ó tó wo dísìkì ara rẹ̀, tí wọn kò sì yí ipò rẹ̀ padà, ẹ̀rọ náà yóò tún béèrè nígbà tí ó bá jí, wọn yóò tún sọ fún un pé kí ó pa dísìkì rẹ́, yóò sì tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni yóò máa ṣe ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá tàn án.

Ìtàn atọ́ka-orúkọ fúnra rẹ̀ kò gùn púpọ̀. Ní ọdún 1988 ni àwọn àjọ tí ó ń ṣètò ìlànà ìbánisọ̀rọ̀ lágbàáyé fọwọ́ sí ìlànà X.500. Ó pé, ṣùgbọ́n ó wúwo jù fún kọ̀ǹpútà kéékèèké ìgbà náà. Ní Yunifásítì Michigan ní Amẹ́ríkà ni Tim Howes àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ ti ṣe èyí tí ó fúyẹ́, LDAP, tí wọ́n tẹ ìlànà rẹ̀ jáde ní ọdún 1993. Ní ọdún 1998, ìwé ìlànà tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ RFC 2307 sọ bí wọ́n ṣe lè kọ nọ́ńbà àbímọ́ ẹ̀rọ àti orúkọ fáìlì tí yóò fi jí sínú LDAP. Ní ọdún 2000, Microsoft gbé Active Directory jáde pẹ̀lú Windows 2000, ó sì so ètò ìfisórí láti orí ìsokọ́ra mọ́ ọn, tí ó fi jẹ́ pé alábòójútó lè kọ ẹ̀rọ sílẹ̀ kí ẹ̀rọ náà tó dé.

4. Agbo ilé gẹ́gẹ́ bí àwòkọ́ṣe

Ọ̀nà tí atọ́ka-orúkọ ń gbà to nǹkan kò ṣàjèjì sí ẹni tí ó bá mọ Ìbàdàn àtijọ́. Ní Bẹẹrẹ, ní Ọjà'ba, ní ìsàlẹ̀ Òkè Mápó àti ní Bẹ́yẹrúnká, orúkọ méjì ni ilé máa ń ní. Èkíní ni lẹ́tà àti nọ́ńbà tí ìjọba kọ sára ògiri: N, S, E tàbí SW, tí nọ́ńbà àdúgbò tẹ̀ lé, tí nọ́ńbà ilé sì gbẹ̀yìn. Èkejì ni orúkọ agbo ilé. Àlejò tí ó bá mú nọ́ńbà ara ògiri dání lè rìn yí Òkè Mápó po kí ó tó rí ilé tí ó ń wá. Ẹni tí ó bá dárúkọ agbo ilé, ọmọdé ni yóò mú un dé ẹnu ọ̀nà.

Ìyàtọ̀ yìí gan-an ni ó wà láàárín nọ́ńbà ara káàdì ìsokọ́ra àti orúkọ inú LDAP. Nọ́ńbà ara káàdì kò sọ ibi tí ẹ̀rọ wà tàbí iṣẹ́ tí ó ń ṣe. Orúkọ inú LDAP sọ méjèèjì. Bí àpẹẹrẹ, orúkọ ẹ̀rọ kan lè rí báyìí:

cn=ero12,ou=yara-kinni,ou=bere,dc=ibadan

Ìtumọ̀ rẹ̀ ni: ẹ̀rọ kejìlá, ti yàrá kìn-ín-ní, ti Bẹẹrẹ, ti Ìbàdàn. Láti orí kékeré ni ó ti lọ sí ńlá. Ọ̀nà tí ọmọ Ìbàdàn ń gbà dáhùn nìyẹn nígbà tí wọ́n bá bi í pé ọmọ ta ni: yóò dárúkọ ara rẹ̀, yóò dárúkọ bàbá rẹ̀, yóò dárúkọ agbo ilé, yóò wá dárúkọ àdúgbò. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń wá ènìyàn, ọ̀nà kejì ni ó ń gbà: yóò kọ́kọ́ dé Bẹẹrẹ, yóò béèrè agbo ilé, yóò béèrè ojúlé, kí ó tó béèrè ẹni tí ó ń wá. X.500 to orúkọ rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ń wá ènìyàn. LDAP kọ ọ́ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ń dáhùn. Olùkọ́ tí ó bá fi èyí yé akẹ́kọ̀ọ́ ti gba ìdajì wàhálà kúrò lọ́rùn ara rẹ̀.

Àwòkọ́ṣe náà ní ààlà. Igi ni ìwé àwọn òyìnbó fi ń ṣàpèjúwe ètò yìí, gbòǹgbò rẹ̀ ni wọ́n sì máa ń yà sí òkè. Ọmọ Yorùbá tí ó bá rí gbòǹgbò lókè àti ewé nísàlẹ̀ yóò rẹ́rìn-ín. Àbá àpilẹ̀kọ yìí ni pé kí wọ́n lo orírun dípò gbòǹgbò. Orírun lè wà lókè nínú àwòrán láìtako ìmọ̀ ẹni tí ń wò ó, nítorí pé ìran ni ó ń sọ nípa rẹ̀.

5. Àwọn ìperí àti ìdí wọn

Ọ̀nà mẹ́rin tí àwọn onímọ̀ èdè ti mọ̀ ni ó wà nídìí àwọn ìperí wọ̀nyí: àyálò, àkànpọ̀, fífẹ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ lójú, àti ṣíṣe àpèjúwe. Ohun mẹ́ta ni wọ́n fi díwọ̀n ọ̀kọ̀ọ̀kan: ṣé ó sọ iṣẹ́ tí nǹkan náà ń ṣe? Ṣé ó kúrú tó láti wọ inú gbólóhùn? Ṣé kò ní dàrú mọ́ ọ̀rọ̀ mìíràn tí wọ́n ń lò nínú iṣẹ́ kan náà?

Atọ́ka-orúkọ. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà, directory, ní ìtumọ̀ mẹ́ta: ìwé nọ́ńbà tẹlifóònù, àpò tí wọ́n ń kó fáìlì sí lórí dísìkì, àti ohun tí àpilẹ̀kọ yìí ń sọ. Atúmọ̀-èdè tí ó bá fi ọ̀rọ̀ kan túmọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yóò da òǹkàwé rú. Fódà, tí ó ti wọ ẹnu àwọn ènìyàn, ni kí ó dúró fún àpò fáìlì. Ìwé-orúkọ kò tọ́, nítorí pé ìwé kì í dáhùn ìbéèrè. Atọ́ka ni ohun tí ń tọ́ka sí ibi tí nǹkan wà; nígbà tí orúkọ bá kún un, iṣẹ́ rẹ̀ hàn. Iṣẹ́ atọ́ka-orúkọ ni kí ó dúró fún ìpèsè náà lódindi. Àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe irú ètò báyìí ní ilé-iṣẹ́ Sun pàápàá ní ìṣòro orúkọ. Yellow Pages ni wọ́n pè é, ṣùgbọ́n orúkọ náà ti jẹ́ ohun ìní ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù ní Bìrìtìkó. Wọ́n yí i padà sí NIS, síbẹ̀ lẹ́tà méjì náà, yp, ṣì wà níwájú orúkọ àwọn àṣẹ rẹ̀. Orúkọ tí ó bá ti mọ́ni lára ṣòro láti bọ́ sílẹ̀, ìdí nìyẹn tí ó fi yẹ kí wọ́n yan án dáadáa láti ìbẹ̀rẹ̀.

Àbùdá àti èsì. Àkọsílẹ̀ ẹ̀rọ kan jẹ́ àkójọ ìbéèrè àti ìdáhùn: nọ́ńbà wo? yàrá wo? ètò-adarí wo? Àbùdá ti wà nínú ẹ̀kọ́ fonọ́lọ́jì Yorùbá tẹ́lẹ̀, ìtumọ̀ rẹ̀ níbẹ̀ sì bá ti ibí mu. Fún ohun tí àbùdá gbé dání, àwọn kan yóò fẹ́ lo iye. Ṣùgbọ́n iye mú nọ́ńbà wá sọ́kàn, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìdáhùn wọ̀nyí kì í sì í ṣe nọ́ńbà. Èsì ni ó yẹ.

Nọ́ńbà àmútọ̀runwá. Èyí ni nọ́ńbà tí ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe káàdì ìsokọ́ra ti fi sí i lára kí ẹnikẹ́ni tó rà á. Bíìtì 48 ni ó ní. Àmì méjìlá ni wọ́n fi ń kọ ọ́, láti 0 dé 9 àti láti A dé F. Ìdajì àkọ́kọ́ ń tọ́ka sí ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe é. Yorùbá mọ orúkọ tí ọmọ mú wá láti ọ̀run, bíi Táíwò, Òjó àti Dàda, yàtọ̀ sí orúkọ àbísọ tí àwọn òbí fún un lẹ́yìn tí ó dé. Orúkọ tí alábòójútó fún ẹ̀rọ ni àbísọ. Ohun kan ni kí olùkọ́ kíyè sí: káàdì ni ó mú nọ́ńbà yìí wá, kì í ṣe gbogbo ẹ̀rọ. Bí wọ́n bá pààrọ̀ káàdì, nọ́ńbà yóò yí padà, atọ́ka-orúkọ kò sì ní mọ ẹ̀rọ náà mọ́ títí wọn yóò fi tún àkọsílẹ̀ rẹ̀ ṣe. Ètò tí ń bẹ lórí ẹ̀rọ sì lè mú kí káàdì jẹ́ nọ́ńbà mìíràn lójú àwọn tí ó wà lóde; ìnagijẹ ni ìyẹn.

Ìwé-àdáhùnsílẹ̀. Èyí ni ìwé tí ó ní ìdáhùn gbogbo ìbéèrè ètò afisórí. Àsọtẹ́lẹ̀ ìbá kúrú jù ú lọ, ṣùgbọ́n iṣẹ́ wòlíì ni ọ̀rọ̀ yẹn ń mú rántí. Àdáhùnsílẹ̀ sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ gan-an: wọ́n ti dáhùn, wọ́n sì ti fi í sílẹ̀ de ẹni tí yóò béèrè.

Alábòójútó ẹ̀ka. Nínú atọ́ka-orúkọ ńlá, wọ́n lè fi ẹ̀ka kan sí ọwọ́ ẹnì kan kí ó máa bójú tó o. Mọ́gàjí fani mọ́ra fún ipò yìí, nítorí pé òun ni olórí agbo ilé ní Ìbàdàn. Ṣùgbọ́n oyè ìdílé ni Mọ́gàjí, ibẹ̀ sì ni àkàsọ̀ tí ń lọ sí ipò Olúbàdàn ti bẹ̀rẹ̀. Alábòójútó ẹ̀ka kò jogún ipò rẹ̀, kò sì retí àti gun orí ìtẹ́. Àfiwé lè wà nínú àlàyé olùkọ́. Kò yẹ kí ó di ìperí.

Ìfisórí adáṣe. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà, installation, ni wọ́n ń lò fún ìwúyè olóyè pẹ̀lú. Ẹni tí ó bá tẹ̀ lé e yóò kọ ìfijoyè, yóò sì fi ẹ̀rín pa òǹkàwé. Ìgbékalẹ̀ tọ́ sí ìlànà àti ilé-iṣẹ́. Àwọn ènìyàn ń sọ pé “bá mi fi Windows sórí rẹ̀”. Láti ẹnu wọn ni ìfisórí ti jáde. Adáṣe fi hàn pé ẹ̀rọ ni ó ń dá a ṣe.

6. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti lè ba nǹkan jẹ́

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó ti gbilẹ̀ ju gbogbo èyí tí àpilẹ̀kọ yìí dábàá lọ. Ọ̀rọ̀ náà ni fọ́máàtì. Ní àwọn ìsọ̀ tí wọ́n ti ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, oníbàárà tí ẹ̀rọ rẹ̀ ń falẹ̀ yóò wí pé: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi fọ́máàtì rẹ̀.” Ohun tí ó wà lọ́kàn rẹ̀ ni pé kí wọ́n tún un ṣe. Ohun tí ọ̀rọ̀ náà sọ ni pé kí wọ́n pa gbogbo ohun tí ó wà lórí dísìkì rẹ́. Ohun tí alátùn-únṣe gbọ́ ni méjèèjì pọ̀: kí ó pa á rẹ́, kí ó sì fi ètò-adarí tuntun sórí rẹ̀. Ẹni mẹ́ta ni ìtumọ̀ mẹ́ta wọ̀nyí jẹ́ tiwọn, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ó sì ru ẹrù gbogbo wọn. Ìwé ìwádìí akẹ́kọ̀ọ́, àkọsílẹ̀ gbèsè oníṣòwò, fọ́tò ìgbéyàwó, irú èyí ni ó ń sọnù nínú àlàfo náà.

Níbi tí ènìyàn méjì ti ń sọ̀rọ̀ lójúkojú, àtúnṣe ṣì ṣeé ṣe. Alátùn-únṣe tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ yóò béèrè pé: “Ṣé kò sí nǹkan tí ẹ fẹ́ kí n tọ́jú níbẹ̀?” Nínú ìfisórí adáṣe, kò sí ẹni tí yóò béèrè. Nínú ìwé-àdáhùnsílẹ̀ Kickstart, ìlà kan ṣoṣo tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú clearpart, tí wọ́n sì kọ --all tẹ̀ lé, tó láti pa gbogbo ìpín orí dísìkì rẹ́. Bí wọ́n bá fi ẹ̀rọ akọ̀wé owó sínú ẹgbẹ́ ẹ̀rọ ìdánwò lórí àṣìṣe, tí wọ́n sì tún un tàn láti orí ìsokọ́ra, ẹ̀rọ yóò ṣe ohun tí wọ́n kọ sílẹ̀ fún un.

Nítorí náà, ó yẹ kí ìwé ìtọ́nisọ́nà èdè Yorùbá ya ọ̀rọ̀ mẹ́ta sọ́tọ̀, kí ó má sì jẹ́ kí ọ̀kan gba ipò èkejì:

Ìparẹ́: mímú gbogbo ohun tí ó wà lórí dísìkì kúrò, bí ìgbà tí olùkọ́ bá nu síléètì.
Ìpín-dísìkì: fífi ààlà sáàárín apá kan dísìkì àti òmíràn.
Ìfisórí: kíkọ ètò-adarí sí orí ìpín tí ó ti wà.

Ẹ wo gbólóhùn méjì wọ̀nyí. Àkọ́kọ́: “Alábòójútó fọ́máàtì yàrá kejì.” Èkejì: “Alábòójútó pa dísìkì gbogbo ẹ̀rọ yàrá kejì rẹ́, ó sì fi ètò-adarí tuntun sórí wọn.” Èkejì gùn ju àkọ́kọ́ lọ, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá kà á mọ ohun tí ó ti lọ àti ohun tí ó kù. Gígùn rẹ̀ kì í ṣe àbùkù. Fọ́máàtì lè dúró lẹ́nu àwọn ènìyàn bí àyálò. Nínú ìwé ẹ̀kọ́, ìparẹ́ nìkan ni kí ó túmọ̀ sí.

Ewu kejì jẹ mọ́ àṣẹ. Nígbà tí ẹ̀rọ tuntun bá ké sí ìsokọ́ra, DHCP kò ní ọ̀nà tí ó fi ń mọ̀ bóyá olóòótọ́ ni ẹni tí ó dáhùn. Ẹni tí ó bá gbé ẹ̀rọ-olùpèsè èké sórí ìsokọ́ra kan náà lè yára dáhùn, kí ó sì gbé ètò-adarí tirẹ̀ lé ẹ̀rọ náà lọ́wọ́. TFTP náà kì í béèrè ọ̀rọ̀-aṣínà. Fún ìdí èyí, ìsokọ́ra tí wọ́n yà sọ́tọ̀ ni wọ́n máa ń lò fún iṣẹ́ yìí. Wọ́n tún máa ń ya kíkà sọ́tọ̀ kúrò lára kíkọ nínú atọ́ka-orúkọ: ẹ̀rọ púpọ̀ lè kà á, ènìyàn díẹ̀ ni ó lè kọ nǹkan sínú rẹ̀. Ìyọ̀ǹda-kíkà àti ìyọ̀ǹda-kíkọ ni ìperí tí ó bá wọn mu. Nínú iṣẹ́ yìí, ẹni tí ó bá ní ìyọ̀ǹda-kíkọ ti ní àṣẹ lórí gbogbo dísìkì ilé-iṣẹ́ náà, àfi bí ẹni tí ìwé gbogbo agbo ilé wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ iná mànàmáná kò ṣeé fò dá ní Ìbàdàn. Bí iná bá lọ láàárín ìparẹ́ àti ìfisórí, ẹ̀rọ yóò wà láìní ètò-adarí kankan. Anfààní atọ́ka-orúkọ hàn níbí. Nítorí pé ipò ẹ̀rọ náà ṣì jẹ́ “kò tí ì ṣe”, yóò tún béèrè fúnra rẹ̀ nígbà tí iná bá dé, iṣẹ́ yóò sì tún bẹ̀rẹ̀ láìsí ẹni tí ó fọwọ́ kàn án. Ohun kan náà tí ó jẹ́ ewu nígbà tí wọ́n bá gbàgbé láti yí ipò padà ni ó di ààbò nígbà tí iṣẹ́ bá dúró lójijì. Bákan náà, ibi kan náà tí ẹ̀rọ-olùpèsè wà ni wọ́n ń kó àwọn fáìlì sí, kí ẹ̀rọ 250 má baà máa fa ohun kan náà láti orí íntánẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú owó dátà.

7. Ìlò nínú kíláàsì

Olùkọ́ lè kọ́ gbogbo iṣẹ́ yìí láìsí kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo. Kí ó pín akẹ́kọ̀ọ́ sí ọ̀nà mẹ́ta. Àwọn kan jẹ́ ẹ̀rọ tuntun. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn mú nọ́ńbà àmútọ̀runwá dání lórí bébà. Ẹnì kan jẹ́ ẹ̀rọ-olùpèsè tí ó dúró sí ẹnu ọ̀nà. Ẹnì kan mú atọ́ka-orúkọ dání, kò sì gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ àfi bí wọ́n bá béèrè. Ẹ̀rọ tuntun ké, olùpèsè béèrè, atọ́ka dáhùn, ìwé-àdáhùnsílẹ̀ lọ sọ́wọ́ ẹni tí ó ni ín. Lẹ́yìn náà, kí olùkọ́ rọra pààrọ̀ ẹgbẹ́ ẹ̀rọ kan nínú atọ́ka láìsọ fún ẹnikẹ́ni, kí ó sì jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ wá ibi tí àṣìṣe ti wọlé. Kí ó bi wọ́n ní ìbéèrè wọ̀nyí:

(i) Kí ni ìyàtọ̀ láàárín nọ́ńbà àmútọ̀runwá àti orúkọ àbísọ ẹ̀rọ? Èwo ni ó ń yí padà nígbà tí wọ́n bá gbé ẹ̀rọ láti Bẹẹrẹ lọ sí Bẹ́yẹrúnká?
(ii) Kí ni yóò ṣẹlẹ̀ bí ipò ẹ̀rọ kò bá yí padà lẹ́yìn ìfisórí?
(iii) Ẹ tún gbólóhùn yìí kọ láìlo fọ́máàtì: “Wọ́n ti fọ́máàtì ẹ̀rọ ọ̀gá.” Ìtumọ̀ mélòó ni ẹ rí?

8. Àgbálọgbábọ̀

Àwọn ìperí tí àpilẹ̀kọ yìí dábàá kò pọ̀: ètò-adarí, atọ́ka-orúkọ, àbùdá, èsì, orírun, nọ́ńbà àmútọ̀runwá, ìwé-àdáhùnsílẹ̀, ìfisórí adáṣe, ìparẹ́, ìyọ̀ǹda-kíkà àti ìyọ̀ǹda-kíkọ. Púpọ̀ nínú wọn ti wà nínú èdè tẹ́lẹ̀. Iṣẹ́ tuntun ni wọ́n gbà. Àwọn ibi tí ó le jù nínú iṣẹ́ náà ni ibi tí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan ti ń ṣe iṣẹ́ mẹ́ta, tàbí tí àyálò kan ti ń bo ohun méjì mọ́lẹ̀. Níbẹ̀ ni Yorùbá ti lè ṣe jù ìtumọ̀ lásán lọ, nítorí pé ó lè yà sọ́tọ̀ ohun tí èdè tí ó ti wá dà pọ̀.

Ọ̀dọ́ tí ó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe nínú ìsọ̀ nísàlẹ̀ Mápó ń fi Yorùbá ronú nípa iṣẹ́ rẹ̀ ní gbogbo ọjọ́. Ohun tí ó kù fún àwọn olùkọ́ àti atúmọ̀-èdè ni láti fi àwọn ìperí wọ̀nyí lọ̀ ọ́, kí wọ́n gbọ́ èyí tí ó bá a lẹ́nu mu àti èyí tí ó kọ̀, kí wọ́n tó kọ wọ́n sínú ìwé ìperí.